Àpò Ìwé Tí Mo Fi Ooru Omi Ṣí

Láti ọjọ́ tí ìwé àṣẹ mi ti dé láti Amẹ́ríkà ni àwọn èèyàn ti ń bá mi yọ̀. Wọ́n ń kí mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a jọ ń gbé ilé kan ní Garki pàápàá ti ń bi mí pé ta ni màá fi fíríìjì mi sílẹ̀ fún. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, Ọlọ́run kọ́ ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, ọ̀nà tí mo sì gbà ṣe é kò mọ́. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe. Àwa là ń kọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tàbí ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, bí yóò ṣe tún rìn, bí yóò ṣe tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣíbí dé ẹnu. Nígbà tí ìjọba ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti Èkó sí Àbújá ni wọ́n kó èmi náà mọ́ wọn. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè wá, nítorí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé nígbà náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í gbé bíríkìlà tó já bọ́ láti orí ilé alájà wá bá wa. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkọ mi rí ọ̀nà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ̀wé sí mi pé kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí n má wá lọ́wọ́ òfo. Ó ní ìwé ẹ̀rí tí mo gbà nílé kò tó lọ́hùn-ún, pé ìgbìmọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé, àyàfi tí wọ́n bá fún mi ní ìwé àṣẹ ni mo tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Ó ní àwọn tí kò ní in, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nílé tẹ́lẹ̀, ìdí àwọn arúgbó ni wọ́n ń nù kiri.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ sí Èkó lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Yunifásítì tí mo ti jáde fi èsì mi ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, ó wá ku ẹyọ kan. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà nípa ìwà mi àti bí ọwọ́ mi ṣe rí lára aláìsàn. Yóò fi í sínú àpò ìwé, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò buwọ́ lu ẹnu ibi tó lẹ̀ náà, yóò tẹ òǹtẹ̀ lé e, yóò sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, wọn ò ní lò ó.

Ọ̀gá mi yìí, Màdáàmù ni gbogbo wa ń pè é. Ìjẹ̀ṣà ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì ní ìdí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà, mo ní kí bíríkìlà kan tí itan rẹ̀ kán dìde dúró kí àkókò tó tó. Ọkùnrin náà ṣubú, egungun tó ti ń jinná tún yẹ̀. Màdáàmù wọlé, ó wò ó nílẹ̀, ó béèrè ẹni tó ní kó dìde. Ó tún béèrè. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Kò bú mi. Ó mú ìwé ńlá tí a ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó pa á dé, ó jáde. Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà lọ bá a, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ìwọ náà ń lọ."

Kò béèrè o, ó kàn sọ ọ́ ni. Ó ti fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ fáìlì, ó sì fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé Màdáàmù náà ti gbìyànjú irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí, pé kò bọ́ sí i. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pọ̀. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà: ǹjẹ́ ẹni yìí ti ṣe àṣìṣe tó pa aláìsàn lára rí? Kí lẹ rò pé obìnrin tí wọ́n dí lọ́nà yóò kọ síbẹ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọjá lójú rẹ̀? Tó bá kí mi láàárọ̀, màá ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá kí mi, màá ní ó ti kọ ọ́ tán.

Ọjọ́ tó kọ ọ́ tán lóòótọ́, Bàbá Ràájí ló gbé e fún pé kó lọ fi í sí pósítọ́fíìsì. Bàbá Ràájí ni òjíṣẹ́ ọ́fíìsì wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Orozo tó wà lẹ́yìn ìlú Àbújá ló ń gbé. Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn ún, mo sì máa ń bá a fọwọ́ ra á nígbà tí èrò bá dínkù. Dókítà mi ló ń pè mí, bí mo tilẹ̀ ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé n kì í ṣe dókítà. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, orúnkún yẹn ńkọ́?"

"Ó ń bá mi jà, Dókítà mi."

"Ẹ mú lẹ́tà yẹn wá, kí ẹ sinmi. Ọ̀nà pósítọ́fíìsì ni mò ń lọ."

Ó wo àpò ìwé náà, ó wò mí. "Màdáàmù ní n ò gbọdọ̀ fún ẹnì kankan o."

"Èmi náà wá di ẹnì kankan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai, ẹ ti mú mi." Ó sì nà án sí mi.

Ọ̀sán gangan ni. Mo lọ sílé, mo gbé omi kaná, mo na ẹnu àpò náà sí ooru títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀. Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Màdáàmù kọ ọ́ pé nínú gbogbo àwọn tó ti kọjá lábẹ́ òun, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára tó tèmi. Níbi ìbéèrè tó ń bà mí lẹ́rù, ó kọ ọ́ pé aláìsàn kan ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn òun olórí ni ẹ̀bi náà wà, nítorí aláìsàn tí òun fi sílẹ̀ fún èmi nìkan lọ́jọ́ náà pọ̀ jù. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, kí ló dé tó fi yìn mí tó báyìí? Ṣé ó ń wá bí n ó ṣe kúrò níbẹ̀ ni? Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo fi ránṣẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí Màdáàmù. Wọ́n ní ìlà ìbuwọ́lù ẹnu àpò ìwé náà kò bá ara rẹ̀ mu mọ́, pé òǹtẹ̀ ibẹ̀ ti ràn bí ohun tí omi kàn. Wọn ò lo lẹ́tà náà. Wọ́n ní kó kọ òmíràn, kó sì ṣàlàyé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti àkọ́kọ́. Màdáàmù pe Bàbá Ràájí síwájú gbogbo wa, ó ní ta ló gbé e dé pósítọ́fíìsì. Bàbá Ràájí ní, "Èmi ni, mà." Kò wo ibi tí mo wà. Wọ́n fún un ní kúèrì, ìdáhùn kan náà ló mú wá. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo irú ọkàn tí mo ní. Dípò kí n dúpẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Mo ní kí ni bàbá yìí ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún? Ọjọ́ wo ni yóò wá fi dí mi lọ́nà? Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọ ọkọ̀ lọ sí Orozo, kí n lọ mọ ohun tó ń fẹ́. Mo bá a nínú oko, ó ń ro ebè iṣu. Bó ṣe rí mi, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Dókítà mi. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún yín. Wọ́n ní n má gbé e fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbé e fún yín. Bóyá ibi tí ẹ fi í sí ní pósítọ́fíìsì lọ́hùn-ún ni omi ti kàn án. Ká ní èmi ni mo gbé e lọ, n bá fi lé wọn lọ́wọ́."

Ohun tó fi pa irọ́ nìyẹn. Kò fura sí mi rárá. Ẹ̀bi ti ara rẹ̀ ló rò pé òun ń bò. Ó sì di iṣu mẹ́ta fún mi, mo gbà á, mo wọkọ̀ padà sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màdáàmù pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà kejì wà lórí tábìlì, àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu àpò ṣí sílẹ̀.

"Kà á."

"Mà?"

"Mo ní kí o kà á. Mi ò fẹ́ kí ó wu ẹnikẹ́ni láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́."

Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Mo kà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn ti àkọ́kọ́ ló tún wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé òjíṣẹ́ ọ́fíìsì wa ló ṣí àpò ìwé àkọ́kọ́, pé a ti yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé obìnrin tí òun ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Lẹ́yìn ògiri, aláìsàn kan ń fi ọ̀pá rìn, ẹnì kan ń ka ìṣísẹ̀ fún un: ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì. Màdáàmù mú gọ́ọ̀mù.

"Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́, mà."

Lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi fún mi ní ìwé àṣẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Tí mo bá sọ òótọ́ fún Màdáàmù, yóò kọ̀wé sí wọn, mo mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì gba ìwé wọn lọ́wọ́ mi títí láé. Tí mo bá dákẹ́, aláìsàn tí mo bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lọ́hùn-ún, orúnkún Bàbá Ràájí ni màá máa rí. Àná ló ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun gbọ́ pé ó bọ́ sí i fún mi, pé inú òun dùn púpọ̀, àti pé tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò wá sílé mi wá ṣe àdúà ìrìn àjò fún mi. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Tí ó bá jókòó síwájú mi, tí ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, tí ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé ẹni tí yóò da iṣẹ́ mi rú, ṣé kí n ṣe àmín?