Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìjẹ́wọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa sunkún àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wò ó bóyá a máa sunkún, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìbànújẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ ò wọlé, tẹ́ ẹ ò sì lọ, ẹ kú ìdúró o. Àga ṣì wà. Ẹni tó bá jókòó la máa ń rójú ẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀rẹ́ mi, Tíṣà Ẹ̀rí-Dà. Mo gbà. Àfi bí mo ṣe dé ẹnu géètì tí ẹnì kan fà mí láṣọ, tó sọ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ rọra o. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn, ohun tó ṣe é ló máa ṣe onítọ̀hún." Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti pòórá sáàárín èrò. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń mú un gbọ̀n. Ọjọ́ ogbó ti wà lára mi tipẹ́, èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a wá dágbére fún yìí kò fẹ́ràn kéèyàn máa bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Èmi ń kọ́ wọn ní ìtàn, òun ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Tábìlì wa kan ara wọn nínú yàrá olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìtàn dùn-ún kọ́: àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn ti kú, kò sí èyí tó lè dìde sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi wà létí mi. Tí mo bá ní ọba báyìí ló ja ogun báyìí, á gbórí sókè: "Ẹ̀rí dà?" Oníná ní iná máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú: "Ẹ̀rí dà?" Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ń ṣàárẹ̀: "Ẹ̀rí dà?" Dókítà mú àwòrán jáde. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ mú oògùn wá." Ìyàwó wa tó jókòó yìí ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó béèrè ẹ̀rí. Ìyàwó wa ní, "Ṣé o rí mi níbí? N ò tíì lọ." Kò sì lọ títí ikú fi dé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kó tì yín. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Alágídí ni, àmọ́ ó láàánú. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, ọmọbìnrin kan jókòó sí kíláàsì ẹ̀, kò kọ nǹkan kan, omijé ń kán sórí ìwé. Ìyá ẹ̀ ti sọ fún un nílé pé tó bá kọ ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ nípa bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ó ti sẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ní kó o mọ̀ ọ́n ni, n ò ní kó o gbà á gbọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ohun tí wọ́n sọ nìyí, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ nìyí. Tó o bá délé, gbàdúrà ẹ." Òun náà ń gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n fìyẹn síbẹ̀ fún àwọn tó ń pè é ní aláìgbàgbọ́. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń kọrin bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí rí. Ọlọ́run tó fara da ohùn yẹn, ṣé torí sáyẹ́ǹsì ló máa wá bínú?

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tọ́rọ̀ wà.

Ẹ mọ̀ pé àwọn òbí kan ní kí wọ́n yọ orí ìwé tó sọ̀rọ̀ ìyípadà ohun ẹlẹ́mìí yẹn kúrò nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n fi ìtàn bí Ọlọ́run ṣe dá ayé rọ́pò ẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Àwọn tó ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ò kíra mọ́. Ni Alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé bá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn. Alága wa tó jókòó síwájú yìí, ẹ kú ọlá, sà, òun ló fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣí i. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà gùn débi pé àwọn tó bínú wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó ń bí wọn nínú. Pásítọ̀ wa ló ṣaájú àwọn tó fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó sọ tiẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó wá kan ọ̀rẹ́ mi.

Gbogbo ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì ọ̀rẹ́ mi rí, ẹ bá mi gbè é níbí, nítorí ẹ mọ òfin ẹ̀. Kó o tó ta ko ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, wàá kọ́kọ́ dúró síbi tí onítọ̀hún dúró sí. Wàá bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, kì í ṣe láti fi í ṣẹ̀sín o. Wàá sọ ọ́ bí òun fúnra ẹ̀ ì bá ṣe sọ ọ́ tó bá ráyè múra sílẹ̀, títí á fi mi orí pé, "Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn." Ìgbà yẹn lo tó lẹ́tọ̀ọ́ sí èsì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rẹ́ mi fi kún un: ẹni tí kò bá lè ro ẹjọ́ ẹnìkejì ẹ̀, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dìde lọ́jọ́ náà. Ó ní èèyàn kì í ṣe ẹran. Ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ló mọ wá, èémí Ọlọ́run ló wà nínú wa. Ó ní tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ pé ìbátan ẹranko ni, lọ́jọ́ tó bá hùwà ẹranko, kí lẹ máa fi bá a wí? Ó ní òbí tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa gba Ọlọ́run lọ́wọ́ ọmọ òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ ni. Omi lé sójú Pásítọ̀. Ó fò dìde, ó ní, "Tíṣà, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn!" Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mu omi díẹ̀. Ó gbé ìka sókè, ó ní, "Ó dáa. Ní báyìí..."

Ó sì ṣubú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló parí sí. Ìdajì tó jẹ́ ti ẹlòmíràn ló sọ. Ìdajì tó jẹ́ tiẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹnì kan ti gbà á sórí fóònù, ó sì dá a dúró níbi àtẹ́wọ́. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ti wọ àwọn ilé tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò wọ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alága wa dúró níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà, ó ní, "Olùkọ́ wa àtàtà ti jẹ́wọ́ kó tó lọ." Àwọn kan wá ń sọ pé ó ronú pìwà dà. Àwọn mìíràn ń sọ pé Ọlọ́run pa á nítorí pé kò ronú pìwà dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan! Òkú kan ṣoṣo ò lè kú ikú méjì. Ọkàn ẹ̀ tó ń ṣàárẹ̀ ló dúró. Dókítà sọ ọ́, ìyàwó ẹ̀ mọ̀ ọ́n, oògùn ẹ̀ ṣì wà lórí fèrèsé níbẹ̀ yẹn.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, n ò ní bẹ̀rù. Ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ti ní tí kò bá sí olùkọ́ tó wọ kíláàsì náà ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí láti kọ́ wọn ní orí ìwé yẹn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ni àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá olùkọ́. Ti ẹnì kan jẹ́ ikọ́, ti ẹnì kan jẹ́ ẹ̀yìn ríro. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ojú ń ta òun tí òun bá ti rí páátákó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun máa wọ̀ ọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọbìnrin tó jókòó ti ìyá ẹ̀ yìí, tó ń kọ́ àwọn kékeré nílé-ìwé wa. Ó sọ ọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tó máa fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá sáyẹ́ǹsì: "Ìwọ ló kàn."

Ó pè mí. Mo lọ. Mo rí i. Mo fi aṣọ ìnujú mi nù ún kúrò, àtìgbà náà ni ọwọ́ yìí ò ti dúró. Ṣé ẹ mọ ohun tó bà mí lẹ́rù jù? Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀. Ìkọ̀wé náà gún régé, àmì ohùn pé pérépéré. Ẹni tí a kọ́ ló kọ ọ́. Bóyá èmi ni mo kọ́ ọ. Bóyá ó wà níbí. Bóyá òun ló gbé omi fún mi lẹ́ẹ̀kan, tí mo sì ṣàdúrà fún un.

Àwọn ọmọ tó ń kọjá níwájú yàrá náà báyìí, ara ògiri òdìkejì ni wọ́n ń rọ̀ mọ́. Ọ̀kan bi mí léèrè pé, "Bàbá, tí mo bá ṣí ìwé yẹn, ṣé èmi náà máa ṣubú?" Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó gba Ọlọ́run gbọ́ kò bà mí lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ mi náà gbà á gbọ́. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ìwé bí ẹni ń bẹ̀rù ejò ló ń bà mí lẹ́rù. Nítorí ọmọ yẹn máa dàgbà, ẹlòmíràn á sì máa fi ẹ̀rù yẹn darí ẹ̀.

Pásítọ̀, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. N ò sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹni tó bọ́ kóòtù ẹ̀, tó ká a sábẹ́ orí ọ̀rẹ́ mi lórí sìmẹ́ńtì, tó ń pè é lórúkọ títí dókítà fi dé, onítọ̀hún ò lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti bá yín sọ tiyín, ẹ sì mi orí. Ẹ dìde, ẹ bá a sọ tiẹ̀. Ẹ sọ èyí tó kù fún wa bí òun ì bá ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó dìde. Ẹ fún un láyè. Alága, ẹ jókòó, sà, a ò nílò ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀yin ẹnu ọ̀nà ò gbọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Pásítọ̀ ní òun ò lè sọ ọ́. Ó ní látọjọ́ yìí wá tí òun ti ń ta ko ọ̀rọ̀ náà, òun ò mọ̀ ọ́n débi tí ọ̀rẹ́ mi á fi mi orí sí i. Ó ní, "Tíṣà ò jẹ́wọ́ o. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀." Ó ní ọkàn òun ò tíì yí padà, òun ṣì fẹ́ kí wọ́n yọ orí ìwé náà. Àmọ́ òun máa wá jókòó ní kíláàsì ní Mọ́ńdè, kí òun gbọ́ èyí tí òun fẹ́ yọ.

Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ yẹn kò rọrùn láti sọ nínú ilé yìí, mo rí bí àwọn kan ṣe ń wò yín.

Ọmọ mi, ó kù sọ́dọ̀ tìẹ. N ò ní sọ pé má bẹ̀rù. Ẹni tó kọ nǹkan yẹn ṣì wà, n ò sì mọ ohun tó tún lè ṣe. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí tó o bá ní o ò lọ mọ́. Ìyá ẹ ò ní ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tó o bá máa lọ, èmi náà máa wá, mo máa wá ibì kan lẹ́yìn jókòó sí...

Kí ló sọ? Ẹ jẹ́ n gbọ́.

Ó ní kí àwa arúgbó má ronú ẹ̀yìn rárá. Ó ní iwájú la máa jókòó sí, níbi tójú òun ti máa tó wa, ẹni tó bá sì sùn, òun máa lé e síta. Ẹ rí i? Ohùn ẹ̀ gbọ̀n. Àmọ́ ó sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti yá. Ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó rìn ín tó padà wá ròyìn lo mú pọ̀n yìí. Rìn ín ní ìrọ̀rùn. Ọlọ́run tí o máa ń bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, òun ni kó pàdé ẹ lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún, bá wọn jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá fi àga lọ̀ ọ́, jókòó, má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àga. Kí ilẹ̀ má nira fún ẹ. Kí òkùnkùn má dí ẹ lójú.

Má sì bojú wẹ̀yìn. Tó o bá bojú wẹ̀yìn, wàá rí bí orúnkún wa ṣe ń gbọ̀n, àánú wa á ṣe ọ́, wàá fẹ́ padà wá bá wa dúró. Má padà. Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi, máa lọ jẹ́jẹ́. Àwa náà á máa gbọ̀n lọ sí kíláàsì.