Igo Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, fa àga súnmọ́ ibùsùn, kí o jẹ́ kí n di ọwọ́ rẹ mú. Nọ́ọ̀sì tó gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ kò lè wò mí lójú, mo sì ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn pẹ́ tó láti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mọ́kànlá, n kò sì fẹ́ gbé e lọ. O mọ̀ pé àrùn ìfun ló pa bàbá rẹ, àbúrò mi kan ṣoṣo. Ohun tí o kò mọ̀ ni ọwọ́ tí mo ní nínú rẹ̀.

Yàrá ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Dókítà àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá òróró ẹja lè ran àwọn tí ìfun wọn ní egbò lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Ó pín wọn sí méjì: apá kan ń gba òróró ẹja, apá kejì ń gba òróró àgbàdo lásán, nínú kápúsù tó rí bákan náà. Nọ́mbà nìkan ló wà lára igo. Ìwé tó sọ ẹni tó ń gba èyí tàbí tọ̀hún wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa títí ọdún yóò fi pé. Àwa òṣìṣẹ́ gan-an kò mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa di kápúsù sínú igo, kí n sì fún oníkálùkù ní tirẹ̀ lóṣooṣù. Ìyá Oníigo ni wọ́n ń pè mí.

Bàbá rẹ wà lára wọn. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á. Télọ̀ kan tún wà lára wọn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó fẹ́ràn àwàdà. Bó bá gùfẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fọwọ́ bo ẹnu, a ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Oníigo, ọkọ̀ apẹja ló gúnlẹ̀." Òórùn ẹja a sì gba gbogbo ibẹ̀. Àbúrò mi kò gùfẹ̀ ẹja rí. Mo máa ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bí ìyá tó fura sí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo wá pinnu pé òróró àgbàdo ni wọ́n ń fún un, pé télọ̀ ló ń jẹ ìwòsàn tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ mi. Ta ló ní kí n máa fi imú ṣe dókítà? Ní oṣù kẹrin, mo da kápúsù télọ̀ sínú igo àbúrò mi, mo da ti àbúrò mi sínú igo télọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ gùfẹ̀ ẹja, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò pé oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣu, tó ti ń dínkù, padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń dínkù tẹ́lẹ̀. Ó ti sọ fún mi kí n tó pààrọ̀ kápúsù, mo ní ara rẹ̀ ló ń tàn án jẹ. Ó rù débi pé ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó di ikùn mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ fún dókítà pé oògùn yìí ti yí padà." Ibí yìí ló burú jù. Mo mọ̀ pé bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò yẹ igo rẹ̀ wò, àṣírí mi yóò tú. Mo ní, "Fara dà á. Ojúlówó lò ń mu báyìí. Egbò tó ń jinná a máa ta ẹni." Ó gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi fara dà á. Kí wọ́n tó gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ìfun rẹ̀ ti lu. Kò jí mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpòòwé, dókítà àgbà ṣàlàyé fún wa tayọ̀tayọ̀. Ó ní òróró ẹja tí àwọn rà ni wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi rùn rárá. Òróró àgbàdo ni àwọn kán omi ẹja díẹ̀ sí, kí ẹni tó bá fẹ́ fi imú wádìí lè ṣìnà. Ojúlówó ti wà lọ́wọ́ bàbá rẹ láti ọjọ́ kìíní, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè búra pé òróró náà ìbá wò ó. Kò sẹ́ni tó lè sọ, nítorí mo ti da ìwádìí náà rú, ohun tí dókítà kọ sínú ìwé rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́. Mo dákẹ́, mo mú ọ wá sílé, mo sì ń tọ́ ọ.

Télọ̀ yè. Lọ́dọọdún ló ń rán aṣọ kan fún mi, ó ní ọwọ́ mi ni òun ti rí ìwòsàn. Ìwọ náà máa ń bi mí ìdí tí n kì í fi wọ̀ wọ́n. Wọ́n wà nísàlẹ̀ àpótí, má jẹ́ kí wọ́n fi ìkankan sin mí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Bí aláìsàn bá sọ fún ọ pé ara òun kò dá, gbà á gbọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, bí kò tilẹ̀ ṣe lónìí. Bí o bá sì fẹ́ tú ọwọ́ rẹ kúrò nínú tèmi, tú u. Àṣé o ti tú u tipẹ́, láti ìgbà tí mo ti dárúkọ igo.