Àìsàn Tí Mo Fi Kọ́ Ìyá Wàsíù Lọ́rùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ fún ìyá tó bí mi. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀la ni ẹnì kan ń bọ̀ wá gba ìwé kan lọ́wọ́ mi, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè.

Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Ailegun. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní ímeèlì, tèmi ni mo máa ń fi sí i. Bí a bá dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè àìsàn, mi ò kì í yọ oníbàárà lẹ́nu. "Rárá" ni mo máa ń tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo lè ba nǹkan jẹ́ fún èèyàn. Ta ló sì fẹ́ máa ka àìsàn ara rẹ̀ fún àjèjì?

Èmi àti Ìyá Wàsíù jọ ń gbé bílọ́ọ̀kù kan náà ni ní Jakande, Ìsọlọ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Wàsíù nìkan lọmọ wọn. Ó wà ní erékùṣù Bàhámà, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọdún kẹjọ rèé tí ìyá àti ọmọ kò tíì fojú kan ara wọn.

Wàsíù ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Omi tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi inú ife. Àwọn èèyàn pọn àgbá atẹ́gùn sẹ́yìn, wọ́n mòòkùn lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín iyùn àti ẹja oríṣiríṣi. Sìkúbà ni wọ́n ń pè é. Wàsíù ní kí ìyá òun wá kí àwọn jọ wọ inú omi yẹn. Mo rò pé Ìyá Wàsíù máa fi í rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wo fídíò náà, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ta ẹja. Èyí tí yìnyín ti gan nìkan ni mo mọ̀. Ìyá Àlímọ̀, mo fẹ́ rí èyí tó ń rìn káàkiri nílé ẹ̀."

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wàsíù ní òun á gbé bùkátà èèyàn méjì, kí ìyá òun má baà dá rìn. Èmi ni ìkejì. A gba ìwé ìrìnnà. A kọ gbogbo ètò náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ mi: oṣù tí ìjì kì í jà lójú òkun níbẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí èébì gbé èèyàn nínú ọkọ̀ ojú omi, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara dé ọrùn ọwọ́, tó ní ìborí. Ìyá Wàsíù ní àwọn ò ní torí ẹja ṣí ara sílẹ̀ káàkiri. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà.

Kí a tó lè lọ, a ní láti kọ́ ọ níbí ná. Ilé ìtura kan wà lọ́nà Òkè-Afá tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, obìnrin kan sì ń kọ́ àwọn obìnrin níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìyá Wàsíù kò bẹ̀rù omi, etí odò ni wọ́n ti ṣe kékeré wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń léfòó bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sùn sí. Èmi ńkọ́? Bí omi bá ti kan imú mi báyìí, ọkàn mi á já.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Olùkọ́ ní kí a wọ ìsàlẹ̀ omi, kí a yọ gíláàsì ojú wa, kí a sì tún un wọ̀ padà níbẹ̀. Ìyá Wàsíù ṣe é. Mo yọ tèmi, mo mu omi, mo fi èékánná ha olùkọ́ lọ́rùn. Èèyàn méjì ló fà mí jáde bí ewúrẹ́ tó jìn sí kòtò. Olùkọ́ ní òun ò lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí mi, láìsí ìyẹn, mi ò lè bá wọn wọ omi ní Bàhámà; ìrìn àjò tèmi parí síbẹ̀.

Mo rò pé Ìyá Wàsíù máa sọ pé bí èmi ò bá lọ, àwọn náà ò lọ mọ́. Ṣebí a jọ ń lọ ni àdéhùn wa. Wọ́n bá mi nu ojú. Wọ́n ní kí n má bínú, pé àwọn máa ya fọ́tò dáadáa bọ̀ wá fún mi.

Fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò yẹ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó dùn mí. Mo ti sọ fún gbogbo ará bílọ́ọ̀kù pé mò ń lọ. Ìlara ni, mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù ìlera dé láti ilé iṣẹ́ tó máa mú wọn wọ omi ní Bàhámà. Ìyá Wàsíù kò mọ̀wé púpọ̀, èmi ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń sọ orúkọ àwọn ẹja tí wọ́n fẹ́ rí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Rárá. Rárá. Rárá. Mo dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá wọ́n ní àrùn ọkàn. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Mo ti tẹ "rárá" fún onítọ̀ ṣúgà, mo ti tẹ̀ ẹ́ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" fún láti ọjọ́ tí mo ti dé ìdí iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ara rẹ̀ le koko.

Mi ò sì ṣèèṣì mú ọkàn láàárín gbogbo àìsàn. Mo mọ ohun tó pa ọkọ wọn. Bàbá Wàsíù kírun àárọ̀ tán, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn ò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí Ìyá Wàsíù bá ti gbọ́ ọkàn, wọn ò ní jiyàn.

Èsì dé sínú ímeèlì mi lọ́jọ́ kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó burú jù nìyí. Ilé iṣẹ́ náà kò kọ̀ wọ́n. Lẹ́tà dókítà ló béèrè, pé bí dókítà bá ní kò séwu, kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀nà ṣì wà fún mi láti tún un ṣe. Mo pa ímeèlì náà rẹ́. Mo sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ náà ò gbà wọ́n, pé ọkàn wọn kò dára.

Wọn ò tiẹ̀ béèrè bí fọ́ọ̀mù ṣe rí inú àyà èèyàn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ní irú ti Bàbá Wàsíù náà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ mi, àwọn ì bá kú sínú omi níṣojú ọmọ àwọn.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Kò parí. Wọ́n ní àwọn ò wọ bàálù lọ ibì kankan mọ́. Wọ́n dẹ́kun iyọ̀ jíjẹ. Wọ́n gbé ìsọ̀ ẹja sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí dókítà dá ọjọ́ ikú fún àwọn. Wàsíù pe ilé iṣẹ́ náà láti wádìí, wọ́n ní àwọn kì í bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ ìlera oníbàárà. Lóṣù tó kọjá, mo bá Ìyá Wàsíù tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń sinmi. Obìnrin tó máa ń dá gbé páálí ẹja rù. Wọ́n ṣàdúà fún mi, mo ṣe àmín, mo kọjá lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé báyìí ni pé Wàsíù fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Ó ń bọ̀ wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀, bó bá sì ti kúrò níbẹ̀, wọn ò ní gbà á padà mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó mú lẹ́tà wá láti ilé tó ṣàlàyé àìsàn ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Wàsíù wá lánàá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi báyìí.

Bí mo bá jẹ́wọ́, gbogbo Jakande á gbọ́, ta ló sì tún máa gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi? Ẹ̀rù àti wo ojú Ìyá Wàsíù ló tiẹ̀ ń bà mí jù. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, ọmọ kan fẹ́ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ nítorí àìsàn tí kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá gba lẹ́tà yẹn.

Bí mo ṣe tẹ lẹ́tà náà tán lánàá, Ìyá Wàsíù ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀.

"Orúkọ ẹ ni kó o kọ," ni wọ́n wí. "Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi ò yá."