Ọ́ìlì Ìkórè

Mò ń dúró de ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Fìdítì nígbà tí bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wa mọ́tò rẹ̀ dé.

Mẹkáníìkì wo inú ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn?"

"Ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀, kí n má baà gbàgbé."

"Ìkórè èwo?"

"Èyí tá a fi owó ẹ̀ kan òrùlé ilé pásítọ̀."

"Há! Òrùlé yẹn ti ń jò, sà!"

"Mo ṣáà máa ń bu tuntun lé e."

"Tẹ́ ẹ bá bu omi tuntun sí omi tẹ́ ẹ fi wẹ̀ lánàá, ṣé ẹ ti wẹ̀ nìyẹn?"

"Ó dáa, dà á nù. Ọ̀la ni mò ń lọ mú ìyàwó mi bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ wa n'Ìbàdàn. Ó ní tí mọ́tò yìí bá tún dákú sọ́nà, òun ń padà síbẹ̀ ni."

Ọ́ìlì náà jáde, ó dúdú, ó ki bí ọ̀dà. Bàbá wò ó títí, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, tó o bá pàdé ìyàwó mi, o ò rí nǹkan kan o."

"Mi ò rí nǹkan kan, sà," ni mo wí, mo sì wolẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi.