Ẹyẹ Tí Bàbá Síkírátù Ń Lé

Ẹ bá mi kí àwa ayàwòrán ẹyẹ àgbègbè Ìsọlọ̀! Àwa tí lẹ́ńsì wa gùn bí ọmọ odó, tí ẹ̀wù kákí wa ní àpò mẹ́rìnlá, tí kò sì sí nǹkan kan nínú wọn ju míǹtì lọ. Bí a bá ya lékèélékèé kan ṣoṣo níbi tó ti na apá, a ó gbé ẹrẹ̀ ara wa rìn la Àjàó Estate já láìnù ún, kí aládùúgbò lè béèrè ibi tí a ti ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan pàdánù oko rẹ̀ nítorí ìwà wa. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti di ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ náà ká lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ti mọ ọ́n, kò lè padà síbẹ̀ mọ́.

Bàbá Síkírátù là ń pè é, ará Ìsẹ́yìn ni. Etí omi tó wà lẹ́yìn àdúgbò ló ń gbin àgbàdo sí. Àwọn lékèélékèé tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan níbẹ̀.

Ìṣòro wa ni pé lékèélékèé kì í fò torí pé ẹnì kan ra lẹ́ńsì. Ẹyẹ tó bá sì dúró jẹ́ẹ́ nínú fòtò, "adìẹ funfun" ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ wa. Ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta. Nígbà tó yá, wọ́n mú báńgà wá, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń yìn nígbà Kérésì. Tó bá ti bú gbàmù, gbogbo ẹyẹ á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run á funfun báláú. Àwọn kan náà ló ń kọ "Ẹ dáàbò bo ẹyẹ" sábẹ́ fòtò wọn!

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, báńgà dún, àwọn ọmọ ẹyẹ tí ìyẹ́ wọn kò tíì gbó já bọ́ sínú omi. Ẹnì kan ya òkú wọn, ó gbé e sórí ayélujára. Inú bí gbogbo àdúgbò. Alága wa, tí báńgà wà nínú àpò tirẹ̀ náà, kó wa lọ bá Bàbá Síkírátù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń lé ẹyẹ níbí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo ń lé wọn o! Àràárọ̀ ni mò ń lu páànù. Àbí kí n máa wò wọ́n níran ni, ọ̀gá?"

Alága yíjú sí wa. "Ẹ ti gbọ́ o. Ó ti jẹ́wọ́."

Ẹ̀gà ni bàbá ń wí! Lẹ́nu ẹni tó gbin àgbàdo, tó bá ti ní "ẹyẹ tí à ń lé", ẹ̀gà nìyẹn, olè tó ń ṣọ́ àgbàdo. Lékèélékèé kì í jẹ àgbàdo. Tata ló ń bá bàbá jẹ. Èmi tí mo ka èdè Yorùbá ní yunifásítì, tí mo tún dàgbà sóko, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló kígbe: "Lékèélékèé kẹ̀? Èyí tó ń bá wa ṣa kòkòrò? Ẹ̀yin alákọ̀wé tẹ́ ẹ gbé ìbọn onígíláàsì kọ́rùn, ẹni tó mú páànù dání lẹ wá ń mú lọ́daràn!"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn àgbà àdúgbò ti ní kí bàbá kó ọkọ́ rẹ̀ kúrò. Àgbàdo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni. Ó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù ní Òṣòdì báyìí, lọ́jọ́ orí tó yẹ kó jókòó. Alága sì ń lọ káàkiri, ó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfẹ́ ẹ̀dá. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò ni kí n kọ́kọ́ lọ kí fẹ́ǹsì tó dé, àbí kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ní Òṣòdì ná?

Mo ti ń sọ "wọ́n" àti "àwọn kan" látàárọ̀. Èmi náà ju báńgà. Ti Sátidé yẹn, èmi ni mo yìn ín.