Ẹni Tó Wà Nínú Àwòrán Ló Ń Kọ́kọ́ Wò Ó

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ojú omi wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba títì wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò ká, mo kí gbogbo yín. Òwe kan wà lórí ọmọ àti ìsìnkú tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pa á níbí lónìí. Ìyá olóògbé jókòó síwájú yìí, wọ́n ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ mí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àlùmọ́gàjí. Olójú-Mẹ́ta tá a wá dágbére fún ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń ya àwòrán, èmi ni mò ń gé e, tí mo sì ń tò ó pọ̀ di fíìmù. Àwọn apẹja ló sọ òun ní tiẹ̀. Wọ́n ní ojú méjì tí Ọlọ́run fún un ò tó o, ó tún lọ gbé ìkẹta kọ́rùn. Kì í ṣe fíìmù eré ìfẹ́ ló ń ṣe o. Ìgbé ayé èèyàn gidi ló ń yà: àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tí òkun ń jẹ ilé wọn díẹ̀díẹ̀, tí àwọn aláṣẹ sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ òkú. Ọ̀rẹ́ mi lágídí. Tó bá dé abúlé kan, kámẹ́rà ò ní jáde nínú àpò. Á jókòó. Á bá wọn ṣa ẹja, á bá wọn gbé ọmọ, á máa bá wọn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Èmi á máa pè é láti ọ́fíìsì: "Kí lo ti yà?" Á ní: "Mi ò tíì ya nǹkan kan. Ajá ilé ṣì ń gbó mi." Ìgbà tí ajá bá tó dákẹ́ ni yóò tó gbé kámẹ́rà jáde, á sì kọ́kọ́ bèèrè: "Ṣé kí n máa yà á?" Kò sígbà tí kì í bèèrè. Lọ́jọ́ kan, ó rì dé àyà nínú ẹrọ̀fọ̀, ó na kámẹ́rà sókè, àwọn ọkùnrin sáré lọ fà á. Ó ní: "Ẹ gba ọmọ ná, ìyá ẹ̀ ò ní sá lọ." Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́.

Ẹ wo Bàbá aláwọ̀n tó jókòó sọ́hùn-ún, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Wọ́n mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí òkun gbé ilé wọn lọ, Olójú-Mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó yà wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí níwájú ògiri kan ṣoṣo tó kù, tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti ń gé fíìmù, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó wà nínú àwòrán ló ń kọ́kọ́ wò ó. Kí ọ̀gá kankan tó rí i, a óò gbé e padà lọ sí abúlé, a óò ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ìwé, gbogbo wọn á jókòó wò ó. Ẹni tó bá ní ká mú òun kúrò, ó ti kúrò nìyẹn.

Bàbá wò ó tán. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa fi ẹkún yìí rántí mi. Mú un kúrò."

Mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè. Mo ní: "Olójú-Mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yìí wà!" Ó wò mí. Ó ní: "Àlùmọ́gàjí, ẹkún ta ni?" Mo ní ẹkún Bàbá ni. Ó ní: "Ṣé o wá rí i." A gé e. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní fíìmù náà ò lágbára mọ́, wọ́n dá a padà. Kò kábàámọ̀ ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, èyí tó kù wúwo. Ẹ bá mi gbé e.

Kí fíìmù náà lè ní ìparí, ó lọ ya ìdílé tó kẹ́yìn tó ń kó kúrò ní abúlé Bàbá aláwọ̀n. Wọ́n ń tú ilẹ̀kùn, wọ́n ń tú páànù, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, ìjì dé, ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ dojú dé. Awakọ̀ rọ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n rí i gbà. Ilé ìwòsàn ló ṣì wà. Ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ kejì ni òkun tó dá a padà fún wa. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ pariwo pé omi ń pa èèyàn, omi náà ló pa á. Inú ń bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí, àmọ́ inú ń bí mi.

Kámẹ́rà wà nínú àpò rọ́bà tó mọ́ gaara, tí omi ò lè wọ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Gbogbo ẹ̀ ló yà. Wọ́n gbé e wá fún mi torí iṣẹ́ mi ni. Mo wò ó. Ojú ní í rí, ẹnu a dákẹ́.

Ọ̀gá tẹlifíṣàn wà níjòókòó, mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Ẹ pè mí. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi í parí fíìmù náà, pé yóò bọlá fún un, pé gbogbo ayé á sunkún. Òótọ́ ni, wọ́n á sunkún. Àmọ́ ta ló wà nínú àwòrán, ọ̀gá? Nígbà tó jẹ́ pé òun ni, ta la óò kọ́kọ́ gbé e fún wò?

Láàárọ̀ yìí, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Màmá nínú yàrá ọmọ wọn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà òjò ẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, iyanrìn ṣì wà lára ẹ̀.

Wọ́n ní: "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo ní: "Ó wà níbẹ̀, Mà."

"O ti wò ó?"

"Mo ti wò ó."

"Ṣé ó pè mí?"

Mo dá wọn lóhùn. Ohun tí mo sọ, àárín èmi àtàwọn ló máa wà.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà, bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Wọ́n ò ní kí n ṣí i. Wọ́n ní: "Bàbá ìjọ́sí yẹn, nígbà tí wọ́n ní kó mú un kúrò, ṣé ó mú un kúrò?"

Mo ní: "Ó mú un kúrò, Mà."

Wọ́n ní: "Ìwọ náà, mú un kúrò."

Mo pa ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé yẹn rẹ́ lójú wọn. Kò sí ẹ̀dà níbì kankan, ọ̀gá. Ẹ má wá a.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Fíìmù náà máa parí. Ibi tó máa parí sí ni ibi tí obìnrin kan ti ru ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ sórí, tó ń rìn nínú omi lọ síbi ọkọ̀. A ò rí ọ̀rẹ́ mi, ohùn ẹ̀ la gbọ́: "Ṣé kí n máa yà á?" Obìnrin náà ní: "Máa yà á jàre! Àbí ilẹ̀kùn ni kí n fi bojú?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó tán. Bàbá aláwọ̀n, ẹ̀yin lẹ máa bá wa ta aṣọ funfun náà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wò ó. Tí tẹlifíṣàn bá tún dá a padà, kí wọ́n dá a padà.

Olójú-Mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi. O ti sọ mí di aláìlẹ́nìkejì. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Tó o bá dé ọ̀hún, jókòó tì wọ́n ná bó o ṣe máa ń ṣe, má tètè la ojú kẹta. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ lo fi ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn kó o tó wò wọ́n. Òkun ò bèèrè lọ́wọ́ ẹ. Ìyá ẹ ti bá ọ dáhùn.

Máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Gbogbo wa ti mójú kúrò.