Ìròyìn Tí Mo Ń Fún Màmá ní Agogo Mẹ́rin

Bùrọ̀dá mi, ẹ má tíì jẹ́ kí agbẹ́-òkúta fín ọ̀rọ̀ yẹn sórí ibojì Màmá. Mo ti rí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n yẹ̀ wò: “Ìyá rere, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ìfẹ́ àti sùúrù tọ́jú títí dé òpin.” Ẹ ní ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, lẹ́yìn náà mo dojú ìwé náà dé orí tábìlì. Àwọn àgbà ní aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ohun tí mo fi pamọ́ láti ọdún méjì, ó di dandan kí n tú u síta báyìí, kí ẹ tó sọ irọ́ di òkúta nítorí mi. Nǹkan kejì sì tún wà tó ń lé mi léré. Lóṣù tó kọjá, mo gbé omi kaná, mo bá jáde lọ gba bàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Kí n tó padà dé, ìkòkò ti jó gbẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró ní ìkóríta tí mo ti ń gbà kọjá fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò mọ apá ibi tí ilé wa wà. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó bi mí pé kí ló ṣe ìyá mi kó tó kú. Mo ní àìsàn ìgbàgbé ni. Ó gbé báírò rẹ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nígbà tí mo ṣì mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ìgbàgbé dárí jì mí kí ẹ̀yin tó gbọ́ ẹjọ́ mi.

Ẹ mọ bí ilé náà ṣe rí: yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, àti ilẹ̀kùn tó kọjú sí òpópónà. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo á mú Màmá lọ tọ̀ kó tó tọ̀ sára. Mo á fi omi ìwẹ̀ kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ná, torí bí omi bá bá a lójijì, á ní mo fẹ́ pa òun. Mo á fọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, mo á lọ oògùn funfun àti oògùn pupa mọ́ oúnjẹ rírọ̀, mo á de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí mo bá dé òkè tán, á ti tú gbogbo ti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òkété máa ń géni jẹ. Aránṣọ ni Màmá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé iṣẹ́ bí orí rẹ̀ ṣe gbàgbé ènìyàn. Ní agogo mẹ́wàá, mo á da agolo bọ́tìnnì rẹ̀ sórí tábìlì, òun á sì máa ṣà á: funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, onírin lọ́tọ̀. “Oníbàárà ń dúró!” ni yóò máa wí. “Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?” Èmi nìkan ni ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Nígbà tó bá jẹun ọ̀sán tán tó rẹjú díẹ̀, mo á da gbogbo bọ́tìnnì náà pọ̀ padà sínú agolo, kó lè rí iṣẹ́ ṣe lọ́la. Nígbà yẹn, mo rò pé ìyẹn ni ìtànjẹ tó burú jù tí mo lè ṣe sí ìyá mi.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gan-an ni wàhálà wa. Agogo yẹn ni Bàbá máa ń dé láti ibi tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Màmá á wọ bàtà, á da ìborùn sí èjìká, á dúró ti ilẹ̀kùn: “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọkọ mi ń bọ̀.” Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti kìlọ̀ fún mi. “Àǹtí, ẹ má bá a jiyàn o,” ló wí. “Ibi tó bá wà ni kí ẹ lọ bá a. Ẹ ní Bàbá ń bọ̀, iṣẹ́ ló dá a dúró. Ẹ má pe ìyẹn ní irọ́, oògùn ni.” Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lo oògùn náà fún un. Ní ọjọ́ kan, mo ka iye ìgbà tí mo sọ pé “ó ń bọ̀” láti agogo mẹ́rin sí mẹ́fà: ó jẹ́ ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Mi ò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, òjò ń rọ̀. Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn, ó ń pariwo: “Olè! Ó tì mí mọ́lé! Ẹ gbà mí o!” Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lódìkejì òpópónà gbójú sókè wo fèrèsé wa. Ni mo bá gbá a léjìká mú. Èmi tí ẹ ń pè ní Jẹ́jẹ́ láti kékeré torí pé ẹ kì í gbọ́ ẹsẹ̀ mi nílé, èmi ni mo lanu, tí mo pariwo mọ́ ìyá mi: “Bàbá ti kú! Ó ti tó ọdún mọ́kànlá! A ti sin ín, kò lè wá mọ́!” Ọwọ́ rẹ̀ rọra bọ́ lára ilẹ̀kùn. “Ọkọ mi?” ló wí. “Èé ṣe tí ẹ ò fi sọ fún mi? Ṣé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín?” Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn sọ fún. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Ìwọ náà ń sunkún, ọmọ ọlọ́mọ? Wá jókòó tì mí.” Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú mi, ojú èmi tí mo ṣe é. Kó tó di agogo márùn-ún, ẹkún ti rẹ̀ ẹ́, ó sùn lọ. Kò jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan, mo jẹ oúnjẹ mi ní gbígbóná. Mo na ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń ró. Ẹ jẹ́ kí n má fi nǹkan kan pamọ́, Bùrọ̀dá: ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé. Agogo mẹ́rin lù, ó wọ bàtà. Ẹ gbọ́ o, mi ò bínú lọ́jọ́ yẹn. Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún, mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rọra sọ ọ́ fún un bí ẹni ń fún aláìsàn ní oògùn: “Màmá, Bàbá ti kú.” Ó sunkún, ó sùn, mo sinmi. Bó ṣe wọ inú ètò iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn: agogo mẹ́wàá, bọ́tìnnì, agogo kan, oúnjẹ, agogo mẹ́rin, ikú Bàbá. Nílé ìwé àwọn míṣọ́nnárì tí èmi àti ẹ̀yin lọ, wọ́n máa ń nà wá nítorí irọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n nà rí nítorí òtítọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo sá sí. Mo ń sọ fún ara mi pé, ṣebí òótọ́ ni mo sọ? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kòbókò ni mo fi ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ni ikú mú Bàbá lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi mú un lọ nígbà ogójì.

Nọ́ọ̀sì rí ojú rẹ̀ tó wú. “Àǹtí, kí ló ń ṣe ojú Màmá?” Mo ní bóyá eruku ni. Ó fún mi ní oògùn ojú, ó ní kí n máa kán an sí i láàárọ̀. Mo kán an, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀yin náà pè lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀. “Kí ló dé?” Mo ní, “Àìsàn yẹn ni, Bùrọ̀dá.” Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ní, “Ọlọ́run á san án fún ọ, Jẹ́jẹ́.” Mo ní àmín. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù àmín yẹn ló ń bà mí.

Nígbà náà ni ẹ wá kí wa fún ọjọ́ méjì. Ẹ kò tíì wọlé tán tí Màmá fi pariwo: “Àkọ́bí mi! Orí ẹ ti pá! Ta ló jí irun ẹ lọ?” Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Kò gbàgbé orúkọ yín títí ẹ fi lọ. Nígbà tí mo ń gbé àwo kúrò nílẹ̀, ó fa apá aṣọ yín, ó sì rò pé mi ò gbọ́: “Bá mi lé obìnrin yìí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn burúkú ló máa ń gbé wá.” Ẹ ní, “Ah, Màmá, Jẹ́jẹ́ yín mà nìyí!” Lẹ́yìn náà ẹ kọjú sí mi, ẹ ní, “Ìwọ náà dín rédíò gbígbọ́ kù o.” Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ. Ara rẹ̀ kò gbàgbé ẹnu tó ń sọ ọ́.

Ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́ta. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, Màmá wọ bàtà. Mo ti ní ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ló béèrè lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Ó yẹ kó ti dé láti ilé ìwé.” Inú mi dùn gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀: “Màmá, èmi rèé. Èmi ni Jẹ́jẹ́.” Ó wo ewú orí mi, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. “Ìwọ kọ́,” ló wí. “Jẹ́jẹ́ mi kì í ba ènìyàn nínú jẹ́.” Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin wá fún ọjọ́ méjì, ó dá yín mọ̀ tòun ti orí pípá. Inú mi korò. Mo wò ó lójú, mo ní, “Jẹ́jẹ́ ti kú.” Mo fẹ́ rí i bóyá yóò sunkún mi. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi nìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn. Kò sunkún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Ṣé ó jìyà?” Mo ní rárá. “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Mi ò mọ ohun tó tì mí, mo ní, “Kò sẹ́nì kankan.” Ó mi orí. “Ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn,” ló wí. “Ẹ ò bá má ti pa iná.”

Mo ní yóò gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹyin lohùn, mo ti ń ju ẹyin mọ́lẹ̀ láti oṣù kan ààbọ̀, mo rò pé wọn kì í fọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo da bọ́tìnnì sórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án. Agogo mẹ́rin lù, kò dìde. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kó fọ́tò wá, mo kọ orin tó fi máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré. “Màmá, irọ́ ni mo pa. Èmi ni Jẹ́jẹ́. Mi ò kú.” Ó fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì dá mi lóhùn bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: “Ẹ ṣé, ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má parọ́ tù mí nínú. Wọ́n ti sọ fún mi.” Ogójì ìgbà ló gbàgbé pé ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ pé ọmọ rẹ̀ kú, kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Ó kú lọ́jọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ orí ni. Ọwọ́ mi ló dì mú nígbà tó mí kẹ́yìn, ó sì kú láìmọ̀ pé ọmọ òun wà níbẹ̀.

Bùrọ̀dá mi, ẹ ní kí agbẹ́-òkúta fín orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀: aránṣọ. Kó mọ síbẹ̀. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ kíákíá, nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí ẹ ń dárí rẹ̀ jì. Ẹ sì bá mi ka èyí tó kù sétí ọmọ yín obìnrin, tó ní òun yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ mi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mo máa wọ bàtà ní ìrọ̀lẹ́, tí mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo máa ní Màmá mi ń bọ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé kí o sọ òótọ́ fún mi lójoojúmọ́, kí n jẹ nínú ohun tí mo fi bọ́ Màmá. Mo ya ìwé náà. Kì í ṣe torí pé ìyà kò tọ́ sí mi. Torí tìrẹ ni: ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò rí bí ìsinmi tó tẹ̀ lé e ṣe dùn tó, yóò sì tún sọ ọ́. Bó bá rẹ̀ ọ́, ké sí bàbá ẹ, ké sí nọ́ọ̀sì, fi mí sọ́dọ̀ aládùúgbò kí o lọ jókòó níta. Ṣùgbọ́n sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Sọ pé aṣọ oníbàárà kan péré ló kù kó rán. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí kò tíì dé, jọ̀ọ́, má pa iná.